Odindi Ìgò Alidiháídì

Bọ̀dá mi ló ń ta lọ́fínńdà. Èmi ni mò ń pò ó.

Ojoojúmọ́ ló ń kìlọ̀ alidiháídì fún mi: "Ẹ̀kán kan péré ni o! Òórùn èròjà yẹn lágbára."

Lónìí, bó ṣe jáde ni mo da odindi ìgò sílẹ̀.

Ojú ń ta mí, mò ń wúkọ́, síbẹ̀ mò ń fi aṣọ fẹ́ òórùn náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá aránṣọ, aládùúgbò wa, sáré dé.

"Òórùn kí ló fẹ́ pa wá yìí? Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣebí bọ̀dá ẹ ní o ti wà lókè òkun láti èṣí?"

"Inú yàrá yìí ni mo wà láti èṣí, mà. Ẹ wo àgádágodo ara ilẹ̀kùn."

Mo gbọ́ tó sáré lọ, tó tún sáré padà.

Ni mo bá gbọ́ ìró òòlù lára àgádágodo náà.