Àwòrán Tó Kọjú sí Fèrèsé

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí olùkọ́ àwòrán máa yí àwòrán tí ọmọbìnrin kan yà kúrò lójú fèrèsé.

Òní ni wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ. Kálukú dúró ti tiẹ̀, ó ń retí òbí.

Òbí ń wọlé wìtìwìtì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò ráyè mí. Bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún tibí ló ń kí tọ̀hún.

Ìyá kan ń gbá ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Bàbá kan ń ya fọ́tò.

Ọmọbìnrin yìí nìkan ló dá dúró, bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé.

Kí olùkọ́ tó ṣẹ́jú, ọmọ náà tún ti yí àwòrán náà sí fèrèsé.

"Orí kunkun ẹ pọ̀ jù! Ta ló máa rí i níbẹ̀? Àbí àwọn ará ilé ẹ ò wá ni?"

"Wọ́n wá, Àǹtí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé."

"Wọ́n dà?"

Ọmọ náà nawọ́ síta.

Lẹ́nu géètì, ẹ̀ṣọ́ ti bọ́ fìlà. Ó ń nàgà wo fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi nìyẹn. Wọn ò gbọdọ̀ fi géètì sílẹ̀."

Mọ́tò kan fọn fèrè.

Ẹ̀ṣọ́ dé fìlà ẹ̀ padà, ó sáré lọ ṣí géètì fún bàbá ọmọ ẹlòmíì.