Kíá-kíá, Aránṣọ Tó Fẹ́ Gé Ara Rẹ̀ Bí Aṣọ

Àbùkù kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ní: kò ní sùúrù. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, bó bá sì rí ẹni tó ń sunkún, á bá a sun ún. Ṣùgbọ́n kò lè dúró de nǹkan kan láyé. Bó bá gbé omi ka iná, á ti ṣí ìdérí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó hó. Aránṣọ ni, Kíá-kíá la sì ń pè é. Ẹ kó aṣọ fún un láàárọ̀, ẹ ó wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Kíá-kíá ń gé aṣọ, ó ń rán an, ó ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ́ etí aṣọ, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ló sanra dáadáa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi náà ò tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún Kíá-kíá wú débi pé kò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá wọn, ó mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì ń ru. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ fi ohun mímu dídùn sílẹ̀, ẹ máa rìn láràárọ̀. Yóò pẹ́ o. Ṣùgbọ́n ìyá aránṣọ, bí ara yìí ò bá fúyẹ́, orúnkún yẹn ò ní í jẹ́ kẹ́ ẹ ránṣọ mọ́."

Kíá-kíá gbọ́ gbogbo rẹ̀, àfi "yóò pẹ́" nìkan ni kò gbọ́. Iṣẹ́ aṣọ rírán nìkan ló mọ̀ láyé, àyà rẹ̀ sì já.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n á ti rìn dé ìdí táńkì omi lórí òkè, wọ́n á sì padà. Ìdajì àwo ni wọ́n ń jẹ. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Kíá-kíá fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀. Téèpù ò yẹ̀, ìbàdí ò dín kù rárá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wọn ara rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́.

"Àbúrò mi, ṣé oògùn ni téèpù yẹn, tó o fi ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀. Aṣọ tó bá tóbi, ṣé mo máa ń bẹ̀ ẹ́ ni? Ṣe ni mo máa ń gé e!"

Ohun tó wá ṣe, aránṣọ nìkan ló lè ṣe é. Ó mú aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó fi íǹṣì mẹ́rin dín in kù, ó sì gé aṣọ tó ṣẹ́ kù nínú ojú rírán dànù. Aránṣọ gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú ojú rírán, nítorí ara èèyàn ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n lanu. "O ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀?"

"Kí n fi í sílẹ̀ fún ta ni? Kí ọ̀rá lè ráyè padà wá? Níparí oṣù yìí ni màá wọ̀ ọ́."

Ìparí oṣù dé. Aṣọ gba orí wọlé, ó há sí àyà, ẹ̀gbọ́n ló bá a fà á bọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí oníbàárà kan fi wọlé.

"Háà, ẹ̀gbọ́n Kíá-kíá, ẹ ti fúyẹ́ o! Kíá-kíá, ìwọ wá ńkọ́? Àbí àwọn ń rìn, ìwọ ń bá wọn ṣọ́lé?"

Ẹ̀rín ni oníbàárà fi ṣe. Kíá-kíá ò rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá ọbẹ̀ tó gbóná. Obìnrin yìí ní òun á gbé e mì.

Ó ra oògùn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fi báàgì kiri, oògùn funfun tí kò lórúkọ. "Ẹyọ kan lóòjọ́ o," obìnrin náà wí. Kíá-kíá ń lo mẹ́ta. Ó dáwọ́ oúnjẹ dúró. Omi pàápàá, ó ní ó wúwo, ó kàn ń tọ́ ọ wò ni. Oògùn náà ń mú un tọ̀ ṣáá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń sá lọ, ló ń sá bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, téèpù fi íǹṣì méjì yẹ̀! Ó pariwo, ó jó yí tábìlì ká.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ń wo ètè rẹ̀ tó ti bó, àti ojú rẹ̀ tó ti jìn wọnú.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ ká padà lọ rí nọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń jowú mi ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n wọra. Ó padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Ajá tí yóò sọnù, ẹ ṣáà mọ̀, kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ní ọjọ́ keje, oòrùn mú gan-an. Aṣọ iléèwé mẹ́fà wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì lọ̀, áyọ́ọ̀nù sì ti gbóná janjan. Ẹ̀gbọ́n sọdá títì lọ ra òwú. Ojú Kíá-kíá ṣú. Ó nawọ́ sí tábìlì, kò bá a. Ó ṣubú, áyọ́ọ̀nù bá a lọ sílẹ̀, ó bà lé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, kò sì mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbóòórùn ìjóná láti ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé aṣọ ni.

"Kíá-kíá, o ti jó aṣọ ọmọ ọlọ́mọ!"

Ìgbà tó wọlé ló rí àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó sì ké pe àwọn ará àdúgbò.

Nílé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì ló la ọ̀rọ̀ náà yé e: "Ìyá, ọ̀rá kọ́ lẹ dà nù. Omi ara yín ni." Kó tó padà sílé, íǹṣì méjèèjì ti padà sí àyè wọn. Ọwọ́ ni kò padà. Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ ìka mẹ́ta ká kò, wọn ò ṣí mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ò yéé rìn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, téèpù ti fi íǹṣì márùn-ún yẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Òun ló ń gé aṣọ báyìí. Kíá-kíá tún ti ń bá a rìn, ẹ bá mi dúpẹ́, ẹsẹ̀ ò jóná. Bí wọ́n bá dé, á mú àlùmọ́gàjí sí ọwọ́ òsì. Apá aṣọ kan ṣoṣo, odidi àárọ̀ ló fi ń gé e, ó sì tún máa ń wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tọ́?"

"Kò tíì tọ́. Tún òmíràn gé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ara kì í ṣe aṣọ. Ọdún púpọ̀ ni ọ̀rá fi wọ ara wa, kò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jáde. Bí ẹ bá ń jẹun níwọ̀n, tí ẹ sì ń rìn, tí téèpù ò tíì yẹ̀, ẹ má jáwọ́, ẹ má sì gba oògùn tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ má tìtorí ẹ̀rín oníbàárà ṣe ara yín léṣe. Ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀; ẹni tó bá sì ń kánjú, ohun tó ní tẹ́lẹ̀ ni yóò pàdánù.