Ìbò Ogun tí Ambrose Pell Sá Fún

Àléébù kan ṣoṣo ni Ambrose Pell ní, ṣùgbọ́n àléébù náà tó ohun tí í ba ayé ènìyàn jẹ́: kò lè sọ "rárá" lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tí o bá fẹ́ gbọ́ ni yóò sọ fún ọ. Ẹ̀rín ní í wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnu dídùn yìí ló gbé e dé ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí aṣojú Wrenhaven, ìlú apẹja tí wọ́n bí i sí.

Ní ọdún kan, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan lókè òkun. Olórí ìjọba fẹ́ kó ọmọ ogun lọ gbèjà apá kan, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò sí i. Lọ́ńdọ̀nù wá dà bí ilé ìyàwó. Àwọn oníròyìn ń sáré kiri, àwọn aṣòfin ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ ibi tí orílẹ̀-èdè náà wà ń ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe ṣẹ́gun rẹ̀ kí tíì tó tutù. Orí Pell náà ń wú.

Obìnrin tó ń da àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ìjọba lọ síbi ìbò bí ẹni da àgùntàn, Verity Crake, tí gbogbo ilé ń pè ní Pàṣán, fà á sí kọ̀rọ̀. Ó ní ipò igbákejì mínísítà kan ṣófo, ẹni tó bá dúró ti ẹgbẹ́ ni yóò jókòó síbẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ tún ń bi mí ni?" ni Pell wí. "Tiyín ni mí. Ẹ ti ka ìbò mi mọ́ ti bẹ́ẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ Sátidé ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Wrenhaven, ó sì yà ní ṣọ́ọ̀bù Doreen Lusk, opó tó ń din ẹja àti ọ̀dùnkún. Àwọn oníbàárà yí i ká, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ Lọ́ńdọ̀nù ti sọ ọrùn rẹ̀ di ti màlúù. Doreen kò rẹ́rìn-ín. Callum, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí yóò kọ́kọ́ lọ bí ilé bá fọwọ́ sí i.

"Ambrose," ni Doreen wí, "èmi ni mo ń nu imú ẹ nígbà tí ìyá ẹ bá lọ síbi iṣẹ́. Má tàn mí o. Ṣé wàá ní kí wọ́n máa lọ?"

"Ìyá Callum, ṣé èmi náà ni màá rán ọmọ yín lọ sógun? Ìbò bẹ́ẹ̀ kọ́ ni màá dì. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Inú ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Wọ́n kó ẹja tó tóbi jù lọ fún un, ó da ọtí kíkan lé e lórí, ó jẹ ẹ́ tán, inú rẹ̀ sì ń dùn bíi ti ẹni tó gbé ìyàwó méjì lọ́jọ́ kan. Ó gbàgbé pé ọdẹ tó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Lọ́jọ́ àríyànjiyàn, ilé kún dé ẹnu. Àwọn kan ní ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń pa aládùúgbò rẹ̀ tó káwọ́ gbera, ọ̀rẹ́ apànìyàn ni. Àwọn kan dáhùn pé ta ló ti da epo síná rí tí iná kú? Nígbà tó kan Pell, ó ní kò yẹ kí àwọn káwọ́ gbera, kò sì yẹ kí àwọn kánjú. Apá ọ̀tún hó, apá òsì hó. Ó jókòó, ó ń làágùn ayọ̀.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò nínú ilé náà. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni a wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn bẹ́ẹ̀ kọ́ a wọ èkejì. Wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lẹ́yìn, wọn a sì ka olúkúlùkù bó ṣe ń jáde lápá kejì. Pell ti ro tirẹ̀. Yóò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí Pàṣán lè rí i, lẹ́yìn náà yóò sá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ títí wọn yóò fi kà tán. Yóò lè sọ fún Pàṣán pé òun wọlé. Yóò lè sọ fún Doreen pé wọn kò ka òun.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ká ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n má baà rí bàtà rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà tú u fó. Ṣùgbọ́n wọn kì í kéde ìbò níbẹ̀ bí aṣòfin kan bá ṣì kù sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olórí ilé rán ẹ̀ṣọ́ àgbà, bàbá kan tó máa ń fi idà sí ẹ̀gbẹ́, pé kó lọ wo gbogbo kọ̀rọ̀. Bàbá náà kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Pell dáhùn láti inú: "Kò sẹ́nì kankan."

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Kí Kò-sẹ́nì-kankan fa ṣòkòtò ẹ̀ sókè, kó máa bọ̀ wá dìbò. Gbogbo ilé ń dúró dè é."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí Pell lè gbà jáde, iwájú àwọn tó ń kà ni. Bó ti kọjá, wọ́n kà á. Àwọn aṣòfin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí olórí ilé kéde pé ìbò kan ṣoṣo ni bẹ́ẹ̀ ni fi borí. Gbogbo wọn yíjú sí Pell: ìbò tirẹ̀ ni.

Pàṣán kò bá a wí. Ó kàn fi ẹlòmíràn sí ipò náà ni. Kò pẹ́ tí Callum fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sójú ogun.

Nígbà tí ìdìbò gbogbo ìlú tún súnmọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Wrenhaven fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣojú wọn. Pell lọ láti ojúlé dé ojúlé. Níbi gbogbo wọ́n fún un ní tíì, wọ́n gbá a lẹ́yìn, wọ́n ní tiwọn ni, kó má mikàn. Doreen nìkan ló dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò ní yàn ẹ́, Ambrose. Ọmọ mi ṣì wà lọ́hùn-ún. Mo sọ fún ẹ báyìí kó o má baà retí ọwọ́ mi."

Pell bínú kúrò níbẹ̀. Ó ní ọ̀tá kan ṣoṣo lòun ní nílùú.

Lọ́jọ́ ìpàdé, alága ní kí àwọn tó fẹ́ Pell nawọ́ sókè. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ọwọ́ ẹnì kankan kò sì kúrò lórí itan. Ẹni tó da eérú leérú í tọ̀. Pell wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí kò parọ́ fún un. Doreen nìkan ló rí, obìnrin tí kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí kọ́gbọ́n. Rárá tó ti ọkàn mímọ́ wá sàn ju bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́tàn lọ, nítorí ẹni tó sọ ọ́ fún wa ti jẹ́ kí á mọ ibi tí a dúró sí. Ẹni tí a bá fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sá pamọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan án. Kó dúró níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, kó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbáà dùn mọ́ wọn, ìbáà má dùn mọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dùn mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, wọn yóò tu ú dànù níkẹyìn.