Ẹni Tó Ń Wá Kí Àbdùlláhì

Nígbà tí wọ́n gbé Àbdùlláhì dé láti ojú ogun, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò bá a dé. Oṣù mẹ́ta ló lò ní ilé ìwòsàn Igbóbì kí Rọ̀kíbátù, ìyá rẹ̀, tó mú un wá sí yàrá tó ń gbé ní Pedro, l'Ékòó. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí.

Ilé ìwòsàn ni Fareedah ti bá wọn pàdé. Ó ń fọ ilẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún Rọ̀kíbátù pé gbogbo sójà tí wọ́n bá gbé wá láti Borno ni obìnrin náà máa ń dúró tì, á bi wọ́n léèrè ìlú tí wọ́n ti jà, á sì kọjá lọ. Nígbà tí Àbdùlláhì náà dárúkọ ìlú tí wọ́n ti jà, kò kọjá. Ó gbé garawa omi rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó.

"Kádàrá ni," ni Rọ̀kíbátù wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Pedro, kò sí ọjọ́ Àìkú tí Fareedah kì í yọjú. Á gbé ògì gbígbóná wá, á fọ aṣọ Àbdùlláhì, á gbá yàrá. Ó ní ọmọ Ṣakí lòun, pé bàbá òun tajà káàkiri òkè Ọya. Á tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan tó bá Rọ̀kíbátù lọ ra àlùbọ́sà, Hausa ló bá ẹni tó ń tà á sọ. Ọkùnrin náà bi í ní nǹkan kan, ó dáhùn, ọkùnrin náà sì mi orí. Ó bu àlùbọ́sà kún èyí tí wọ́n rà, kò sì wo ojú rẹ̀ mọ́. Rọ̀kíbátù rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló wu ọkùnrin náà.

"Ṣé o ti lọ́kọ rí?" ló bi í bí wọ́n ṣe ń bọ̀.

"Mo ti lọ́kọ rí, Màmá. Ó ti kú."

"Ọlọ́run á forí jì í."

Rọ̀kíbátù kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Opó kò burú. Ọmọ tòun náà kò pé mọ́.

Ọ̀rọ̀ ogun kò tíì tán lẹ́nu àwọn ará ilé. Bàbá Mákánjúọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tó ni ilé náà, máa ń ka ìwé ìròyìn sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Àwọn ọ̀gá ológun ní àwọn fẹ́ gba gbogbo ìlú Borno padà lọ́wọ́ àwọn oníjàgídíjàgan kí ìbò tó wáyé," ló wí. "Wọ́n sì gbà á."

"A gbà á, Bàbá," ni Àbdùlláhì dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́."

Bàbá Mákánjúọlá ní àwọn èèyàn ti sá wọ Niger, wọ́n sì ti sá wọ Chad, pé àwọn apẹja adágún odò Chad ti fi àwọ̀n wọn sílẹ̀. Lóòótọ́, ẹja gbígbẹ ti di ọ̀wọ́n ní ọjà Bàrígà. Fareedah ń fọ aṣọ lọ ní tirẹ̀, kò gbórí sókè.

Àbdùlláhì kì í sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún ìyá rẹ̀. Fareedah ló ń sọ ọ́ fún. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, Rọ̀kíbátù máa ń gbọ́ wọn.

"Ọ̀nà wo lẹ gbà wọ ibẹ̀?"

"Ọ̀nà odò."

"Ṣé àárọ̀ ni àbí ọ̀sán?"

"Àárọ̀. Ọjà ń ná lọ́wọ́. A ò mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni."

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ máa ń dúró sí. Á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀." Fareedah á ní kò burú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò bi í léèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Rọ̀kíbátù ka ìyẹn sí ìfẹ́.

Àbdùlláhì bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Màámi," ló wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ṣé irú obìnrin yìí lè fẹ́ irú mi?"

"Kí lo rò pé ó ń wá ṣe níbí?"

"Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un. Mi ò fẹ́ kó fẹ́ ẹni tí kò mọ̀."

"Sọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ rẹ á gbọ́ ọ, á sì dúró."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Rọ̀kíbátù se ìrẹsì, ó din adìẹ. Ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìdì bébà tó gbà wá láti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, iṣẹ́ tó fi ń jẹun, ó ń ká a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń gbọ́, ó rẹlẹ̀, ó gùn. Nígbà tó yá, ohùn Fareedah náà dún, kò ju gbólóhùn kan lọ. Àbdùlláhì bú sẹ́kún, ẹni tí kò sunkún nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Rọ̀kíbátù ká kọ́tìnì. Fareedah wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Àbdùlláhì mú. Omijé bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà rí bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ ṣé," ló ń wí. "Ẹ ṣé. Ọlọ́run á san án fún yín."

Rọ̀kíbátù kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó sáré wọlé, ó gbá a mọ́ àyà.

"Ìyàwó mi! Ó ti sọ ọ́! Ìgbà wo ni ká wá rí àwọn èèyàn rẹ?"

Àbdùlláhì fi ọwọ́ bo ojú. Fareedah rọra tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì mú báàgì rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí, "ibi tó sin àwọn ọmọ mi sí lọ́jọ́ ọjà yẹn ló júwe fún mi."