Irọ́ Inú Fíìmù Ọlọ́pàábìnrin

"Irọ́ ni," ni Sájẹ́ńtì Àwẹ̀ró wí. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń yọ ohunkóhun tó bá pè ní irọ́ pa ibi tí ọlọ́pàábìnrin ti ń fi bàtà gogoro lé olè rẹ́ kúrò nínú fíìmù náà.

Sájẹ́ńtì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Láìsí òǹtẹ̀ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, òfin ò gbà kí Láníyọnu tó ṣe fíìmù náà gbé e jáde lọ́la.

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Eré sísá làwọn èèyàn fẹ́ràn."

"Ṣé wọ́n á bá mi wọ bàtà ọ̀hún ni?"

Ẹ̀rọ ń pa fíìmù rẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ó kan ibi tí ọlọ́pàábìnrin náà ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì kúrò lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó jí.

"Ẹ yọ ìyẹn náà," ni Láníyọnu wí. "Mo kàn fi dí àyè ni."

Sájẹ́ńtì ò pe ìyẹn ní irọ́.

Ibẹ̀ nìkan ló kù nínú fíìmù náà.