Ọkùnrin Ẹ̀bá Adágún Hangzhou

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ní ìlú Humble, nítòsí Houston, Akin ń fi àwòrán ìrìn àjò rẹ̀ han àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti lọ ra táìlì ní Ṣáínà, ó sì lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ létí adágún ńlá kan ní Hangzhou, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kéwì nípa rẹ̀ láti ayébáyé. Àwọn èèyàn ń jẹ mọ́ínmọ́ín wọn, wọ́n ń mi orí. Ọ̀rọ̀ adágún ò kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi Fèyísọ́lá, ìyá Oyíndà, tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì dá a padà.

Nínú àwòrán náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan di ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ mú, ó ń ràn án lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀ ojú omi.

"Ta lèyí?"

"Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni, Mummy. Ó ń gbé àwọn tourist kiri lórí omi. Wọ́n ní ó ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n ti bímọ."

"Ṣé ó bá ẹ sọ Yorùbá?"

"Ó kí mi. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti wá?' Mo ní Houston. That was it. Ó yẹra, mi ò rí i mọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Fèyísọ́lá dá fóònù padà.

"Láyíwọlá nìyẹn," ó ní. "Ọkọ mi ni."

Akin ò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Kò tíì pẹ́ tó kó dé láti Dallas. Ohun tó mọ̀ kò ju pé obìnrin náà ń dá gbé ní Richmond, àti pé àwọn èèyàn máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ bá jáde. Ó mọ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, wọ́n pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní: ìyàwó kan níhìn-ín, òmíràn lẹ́yìn odi. Inú bí i nítorí obìnrin náà. Nígbà tí Fèyísọ́lá ní kó mú òun lọ síbẹ̀ tó bá tún ń lọ, kò jiyàn.

Oyíndà, ọmọ kan ṣoṣo tí Fèyísọ́lá bí, ló jiyàn.

"Mummy, please. Daddy ti lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ. Pastor náà sọ fún yín."

"Mo kàn fẹ́ rí i ni. Mi ò ní dá a dúró."

"What if it's not him?"

"Ìwọ náà wo àwòrán yẹn. Ta lo rí?"

Oyíndà dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó sì sunkún.

Ní Hangzhou, ọmọbìnrin tó ń mú àwọn àlejò kiri sọ fún wọn pé gómìnà kan tó tún jẹ́ akéwì ló ní kí wọ́n fi ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún la ọ̀nà tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ náà, ó sì ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí. Ó ń sọ̀rọ̀ gómìnà yìí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí àdúgbò kejì. Igi wíllò da ewé wọn sómi lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ rẹwà, kò ṣe Fèyísọ́lá láǹfààní kankan. Ó dé fìlà, ó wọ jígí dúdú, ó sì fi ìbòmú bo ìyókù ojú rẹ̀. Akin gbà pé bí wọ́n ṣe ń múra láti mú olè nìyẹn, ó sì ti ń ro bí yóò ṣe là wọ́n.

Ọkùnrin inú àwòrán náà wà lẹ́sẹ̀ afárá kan. Èjìká òsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń rí ní Houston bó bá ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Clear Lake bọ̀. Ọmọdébìnrin kan dì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Fèyísọ́lá fẹ̀yìn ti igi. Oríkì ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ bá a," Akin ní.

"Má pè é. Tó bá fi lè rí ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé, ibí náà á tán nìyẹn. A ò ní rí i mọ́ láéláé."

"Kó sá lọ. Ẹ ṣáà sọ ohun tó wà nínú yín fún un."

"Kò ṣẹ̀ mí, Akin."

Akin wò ó tàánú-tàánú. Ó ti rí obìnrin tí ìfẹ́ sọ di òmùgọ̀, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Ọkùnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ wọn, ó ń bọ̀. Fèyísọ́lá yí padà, ó sì sáré gba ọ̀nà kejì lọ. Ìbòmú rẹ̀ ti rin gbindin fún omijé kó tó dúró. Nínú gbogbo ohun tó ti jẹ ẹ́ níyà láyé, kò sí èyí tó dùn ún tó pé ọkọ rẹ̀ wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí òun ò lè kí i.

Oyíndà ló wá gbé e ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Akin kí wọn pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ṣé òun ni?"

"Òun ni."

"Did he see you?"

"Rárá."

"Thank God," Oyíndà ní, ó sì wọ freeway.

Nígbà tí wọ́n súnmọ́ Richmond, tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú tí gbogbo ìjọ ti sin Láyíwọlá lójú wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Oyíndà dẹ ọkọ̀ lọ́wọ́ láti yà gbé òdòdó sórí sàréè rẹ̀ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dì í lápá mú, ó ní kó máa wakọ̀ lọ, bàbá rẹ̀ ti kó kúrò níbẹ̀.