Ilé Àjọṣe

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bàbá Ìbídàpọ̀, tó ni ilé kòkó àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn, sọ fún Ọláoyè pé tó bá fi di Fúráìdè tí òun ò bá èèyàn níbi iṣẹ́ nínú ilé náà, òun á gba kọ́kọ́rọ́ òun. Àwọn oníṣìmẹ́ńtì ti ń bẹ òun fún un. Kò fìbínú sọ ọ́ o. Kò kàn fẹ́ kí aláǹgbá jogún ilé òun ni.

Káfíńtà ni Ọláoyè. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ìlaròó wá sábẹ́ òrùlé kan, káfíńtà, wẹ́dà, télọ̀, kí wọ́n jọ máa lo ẹ̀rọ ńlá tí ẹnì kan ò lè dá rà, kí wọ́n jọ máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kan. Ó ta ìsọ̀ rẹ̀ ní Ajílété, ó fi ra ẹ̀rọ ìgépákó àti ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá. Ó kọ "Ilé Àjọṣe" sára ògiri gàdàgbà. Gbogbo ìlú kí i kú oríire. Kò sẹ́ni tó wá.

"Ẹ̀rọ yẹn dáa," ni Ògúnníyì, olórí ẹgbẹ́ káfíńtà, sọ fún un. "Ṣùgbọ́n àbúrò, ta ló fẹ́ kí ẹlòmíì máa wo òun lọ́wọ́? Tí mo bá ń kan àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣé oníbàárà mi ò ní rí tìẹ?"

Toheebat télọ̀ ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la rẹ̀ ò dé.

Ní Wẹ́sìdeè, Ọláoyè wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sógiri. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ tọ̀ ọ́ lọ, ó gbé e jáde bó ṣe gbé e wọlé.

"Bàbá Kẹ́mi, ẹ dìde."

"Kí n dìde lọ síbo?"

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rù ba Àrìnpé gidi. Tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, ìsọ̀ wo lọkọ rẹ̀ fẹ́ padà sí? Ọkùnrin tó ti ta ibi tó ń dúró sí, kí ló kù fún un?

Nígbà tílẹ̀ Tọ́sìdeè mọ́, kò ya irun, kò pààrọ̀ ìró tó fi sùn. Ọ̀dọ̀ Ògúnníyì ló gbà lọ. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó dùn, ṣùgbọ́n bó ṣe fojú kan ọkùnrin náà báyìí, ẹkún gba ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa ọkọ mi o! Ó ti sùn. Mo pè é títí, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè é lábúrò, ẹ ò yà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo!"

Ayùn bọ́ lọ́wọ́ Ògúnníyì. "Háà! Ọláoyè?"

"Òun náà ni. Ẹ má wulẹ̀ wá kí mi nílé, mi ò fẹ́. Ẹ kó irinṣẹ́ yín, kí ẹ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ."

"A ó lọ," Ògúnníyì ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Gbogbo wa la máa lọ. Ẹ mọ́kàn le."

Ó ya Àrìnpé lẹ́nu pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹkún kan ṣoṣo!

Wọ́n sì wá lóòótọ́. Káfíńtà Sábó àti ti Pahayi, àwọn wẹ́dà, Toheebat pẹ̀lú aṣọ funfun lábíyá, gbogbo wọn ti pé sílé kòkó láàárọ̀ Fúráìdè. Jẹnẹrétọ̀ ń dún kíkankíkan. Ẹnì kan ń gé pákó, ẹnì kejì ń gbà á, wẹ́dà ń tẹ irin, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jà. Àrìnpé fẹ́ wọlé lọ wò wọ́n, wọ́n dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Rárá, ìyàwó wa. Ẹ jókòó síta. Ẹ jẹ́ ká ṣe é tán."

Ògúnníyì jáde tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́. "Ẹ má bínú pé mò ń bi yín. Ṣé Ọláoyè ga jù mí ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àrìnpé. Ìyàwó káfíńtà ni, ó mọ̀ pé wọn kì í kan tábìlì iṣẹ́ láì mọ bí ẹni tó máa lò ó ṣe ga tó, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún. "Ó fi díẹ̀ jù yín lọ. Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ má dúpẹ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó yẹ ká ti wá tipẹ́."

Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, Bàbá Ìbídàpọ̀ dé. Ó yọjú wọlé, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Mi ò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́," ó sọ fún Àrìnpé. "Kí iṣẹ́ máa lọ níbí lórúkọ ọkọ rẹ."

Àrìnpé kúnlẹ̀ sínú eruku. Bàbá fà á dìde, ó ní kó má sunkún mọ́, Ọlọ́run wà.

Eré ló sá délé. "Bàbá Kẹ́mi! Wọ́n ti wá o! Bàbá ò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́!"

Ọláoyè yíjú kúrò lára ògiri. Ó ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn méjèèjì sì jáde.

"Ògúnníyì náà wá?" ó bi í lójú ọ̀nà.

"Òun gan-an ló ṣáájú wọn."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń rìn, kò sì nù ún.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi!", ni Toheebat bá gbójú sókè, ó figbe ta, gbogbo wọn ya gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti fèrèsé sá jáde tìpátìkúùkù, tí kò fi ku ẹnì kankan nínú Ilé Àjọṣe mọ́ àfi Ọláoyè àti ìyàwó rẹ̀, àti pósí gígùn kan tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí lórí.